Pearson 0.91 láàárín olùkọ́ méjì tó máàkì àròkọ: ṣé a lè sọ pé irinṣẹ́ náà ṣeé gbára lé?

Olùkọ́Èdè (Ìkéré-Èkìtì)

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ Yorùbá ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní agbègbè Ìkéré, mo sì ń ṣe ìwádìí lọ́wọ́ fún oyè ẹlẹ́ẹ̀kejì lórí bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama àgbà ṣe ń kọ àròkọ. Irinṣẹ́ méjì ni mo fi kó èsì jọ. Ọ̀kan ni ìwé ìbéèrè tó ń wádìí ìhà tí wọ́n kọ sí èdè Yorùbá, èkejì sì ni ìdánwò àròkọ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ìlànà ìmáàkì tí mo ṣe sí i. Ogún máàkì ni àròkọ kọ̀ọ̀kan: kókó-ọ̀rọ̀ gba 5, ètò gba 5, ìlò èdè gba 6, àkọtọ́ àti àmì ohùn gba 4. Ìwé ọgọ́rùn-ún ọmọ ni.

Alábòójútó mi ti kìlọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé n kò gbọdọ̀ dá nìkan máàkì. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń kọ́ Yorùbá ní Ìjerò, tí wọ́n ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí jù mí lọ dáadáa, kí wọ́n bá mi máàkì gbogbo ìwé náà. Ẹ̀dà tí báírò pupa kò tíì kàn ni mo fún wọn, nítorí náà wọn kò rí máàkì tèmi, èmi náà kò sì rí tiwọn títí a fi parí. Nígbà tí mo fi ọ̀nà Pearson ṣírò ìbátan tó wà láàárín máàkì àwa méjèèjì, 0.91 ni mo rí. Alpha ti Cronbach fún ìwé ìbéèrè jẹ́ 0.84. Mo wá kọ ọ́ sí orí kẹta iṣẹ́ mi pé irinṣẹ́ méjèèjì ṣeé gbára lé.

Alábòójútó mi fa ìlà sábẹ́ 0.91 yẹn, wọ́n sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé: “Mo gbọ́ pé ẹ jọ ń gòkè, ẹ jọ ń sọ̀ kalẹ̀. Ṣé iye kan náà ni ẹ ń fún ọmọ kan náà?” Wọn kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì ti rìnrìn àjò.

Ohun tó rú mi lójú ni pé nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí mo kà ní ilé ìkàwé, Pearson ni àwọn tó ṣe é lò, wọ́n sì gba oyè wọn. Kí ló kù díẹ̀ káàtó nínú 0.91? Ṣé alpha tí mo ṣírò kò lè dúró fún méjèèjì ni? Àwọn kan tún ń dárúkọ kappa fún mi, n kò sì mọ ìgbà tí a ń lò ó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

OníṣiròỌ̀yẹ́ (Ọ̀yẹ́-Èkìtì)

Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ alpha kúrò nílẹ̀, nítorí òun kọ́ ni alábòójútó yín ń bèèrè. Alpha tí Lee Cronbach ṣàlàyé ní 1951 ń sọ bóyá àwọn gbólóhùn inú ìwé ìbéèrè kan ń fà sí ibì kan náà: ẹni tó bá fara mọ́ gbólóhùn kìíní, ṣé ó máa ń fara mọ́ ẹ̀kẹta àti èkeje tí wọ́n jọ ń wádìí ohun kan náà? Kò sí olùmáàkì kankan nínú ìṣirò yẹn. Ó tún máa ń ga sí i bí ẹ bá ṣe ń fi gbólóhùn tó jọra kún ìwé náà, nítorí náà kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń yangàn sí púpọ̀. Ẹ fi 0.84 yín sí abẹ́ ìwé ìbéèrè, kó jókòó síbẹ̀. Kò lè jẹ́rìí fún àròkọ.

Ní ti 0.91, ohun tí Pearson ń wò ni bóyá ọmọ tí ẹ fi ṣíwájú ni ẹ̀gbọ́n yín náà fi ṣíwájú, àti bóyá àlàfo tí ẹ fi sáàárín àwọn ọmọ bá ara mu. Kò bèèrè bóyá iye tí ẹ kọ sílẹ̀ dọ́gba. Ẹ wo àpẹẹrẹ tí mo fọwọ́ ara mi ṣe yìí. Ká ní ọmọ márùn-ún ló kọ àròkọ, tí olùkọ́ kan fún wọn ní 6, 8, 10, 12 àti 14 nínú 20, tí olùkọ́ kejì sì fún àwọn ọmọ kan náà ní 10, 12, 14, 16 àti 18. Pearson yóò sọ pé 1.00 ni, èyí tí kò sí òmíràn lókè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àwọn olùkọ́ yìí kò fẹnu kò lórí ọmọ kan ṣoṣo nínú márààrún. Bí ó bá jẹ́ 10 ni máàkì tí ọmọ gbọ́dọ̀ ní kó tó yege, ọmọ méjì tó fìdí rẹmi lọ́wọ́ olùkọ́ àkọ́kọ́ ló yege lọ́wọ́ èkejì. Ẹ lọ ṣàlàyé fún òbí wọn pé ìbátan náà pé pérépéré, kí ẹ wá gbọ́ èsì tí wọn yóò fọ̀.

Irú rẹ̀ wà lọ́jà. Oníkóńgò méjì lè máa wọn gààrí lójoojúmọ́, kí wọ́n ti lu ìdí kóńgò ọ̀kan wọ inú. Ẹni tó ra kóńgò mẹ́ta yóò rí ju ẹni tó ra méjì lọ lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì, òǹkà wọn yóò sì máa bá ara wọn lọ, ṣùgbọ́n gààrí inú àpò kò dọ́gba. Ẹ tún kíyè sí i pé kóńgò tí wọ́n lu nídìí yìí kì í yí padà: bó ṣe wọ̀n lánàá ló ṣe ń wọ̀n lónìí. Ó dúró lójú kan, kò sì tọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí a kò fi gbọ́dọ̀ rò pé irinṣẹ́ tó ń mú èsì kan náà wá nígbà gbogbo ti ń wọn ohun tí a fẹ́ kó wọ̀n.

Fún máàkì tó jẹ́ iye bíi tiyín, ohun tí ẹ nílò ni èyí tí wọ́n ń pè ní intraclass correlation, tí a máa ń gé kúrú sí ICC. Patrick Shrout àti Joseph Fleiss ló to oríṣi mẹ́fà rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ ní 1979, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, nítorí pé máàkì kan náà lè mú èsì méjì tó jìnnà síra jáde bí ẹ bá yan oríṣi méjì. Nínú àpẹẹrẹ ọmọ márùn-ún yẹn, bí ẹ bá yan èyí tó ń wo kìkì bí àwọn ọmọ ṣe tò tẹ̀ léra, 1.00 ni ICC yóò jẹ́, bí ti Pearson. Bí ẹ bá yan èyí tó ń wo ìdọ́gba iye gan-an, tó ń ka ọwọ́ líle olùkọ́ kan àti ọwọ́ rírọ̀ èkejì mọ́ àṣìṣe, 0.56 ni yóò jẹ́. Ẹni tó bá kàn kọ ọ́ pé “ICC mi jẹ́ báyìí” láìsọ oríṣi tó lò kò tíì sọ nǹkan kan fún mi.

Kí ẹ tó ṣe ìyẹn pàápàá, ẹ yọ máàkì yín kúrò nínú ti ẹ̀gbọ́n yín lórí ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo ìyàtọ̀ náà lójú. Ìpíndọ́gba ìyàtọ̀ yẹn yóò sọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ le àti bó ṣe le tó, fífọ́nká rẹ̀ yóò sì sọ bóyá líle náà dúró lójú kan tàbí ó ń ṣe ségesège. Ọ̀nà yìí ni Martin Bland àti Douglas Altman gbé kalẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní 1986, nítorí pé àwọn oníṣègùn náà ń fi Pearson sọ pé ẹ̀rọ ìwọ̀n méjì bá ara mu nígbà tí wọn kò bá ara mu. Pé àwọn kan ti fi Pearson gba oyè kò sọ ọ́ di ohun tó tọ́. Ó ń sọ fún wa pé alábòójútó tiyín ń ka iṣẹ́ yín.

BàbáOlùmáàkì (Adó-Èkìtì)

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo sì wà lára àwọn tó ń máàkì ìwé ìdánwò àṣekágbá fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà ẹnu iṣẹ́ ìmáàkì ni mo ti fẹ́ bá ọ̀rọ̀ yìí. Ìṣirò tí arákùnrin wa láti Ọ̀yẹ́ ṣe dára, n kò jiyàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ì báà jẹ́ 0.56, ì báà jẹ́ 0.90, kò lè sọ fún yín ohun tó fa ìyapa. Inú ìwé àwọn ọmọ ni ìyapa wà, ẹ sì ní láti ṣí i wò.

Ó dá mi lójú pé máàkì mẹ́rin ti àkọtọ́ yẹn ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ Èkìtì kan tó kọ ọ́ pé: “Nígbà tí mo dé ulé, mo rí i pé gbogbo ará ùlú ti péjọ.” Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé ló kọ ọ́ sílẹ̀. Fáwẹ́lì u máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nínú ẹ̀ka-èdè wa, kò sì rí bẹ́ẹ̀ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò tí ìdánwò ń béèrè. Bí “ulé” bá fara hàn lẹ́ẹ̀mẹrin nínú àròkọ rẹ̀, olùkọ́ tó ń yọ máàkì kọ̀ọ̀kan fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ti gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Olùkọ́ tó gbà pé àṣìṣe kan náà ni, tó fa ìlà sí i lẹ́ẹ̀kan tó sì yọ máàkì kan, fi mẹ́ta sílẹ̀ fún un. Ẹnìkẹta wà tí yóò sọ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àkọtọ́ rárá, pé ìlò èdè ni, yóò sì lọ yọ máàkì tirẹ̀ níbẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ìlànà ìmáàkì ni kò sọ̀rọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974. Àwa tí a dàgbà nídìí Bíbélì àtijọ́ rí “aiye” àti “enia” tó bẹ́ẹ̀ tí ojú wa ń fò ó dá bí ọmọ bá kọ ọ́, nígbà tí olùkọ́ tó jáde láìpẹ́ yóò fi ìlà pupa sí i lójú ẹsẹ̀ nítorí “ayé” àti “ènìyàn” ni wọ́n kọ́ ọ. Olùkọ́ wa ní Ìkéré, ẹ̀gbọ́n yín ní Ìjerò jù yín lọ lọ́jọ́ orí. Ẹ yẹ èyí wò.

Àmì ohùn ló tún burú jù. Bí ìlànà yín bá sọ pé “máàkì méjì fún àmì ohùn tó yẹ”, èwo ló yẹ? Ọmọ kan kò fi àmì kankan sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òmíràn fi sí gbogbo ọ̀rọ̀, ìdajì rẹ̀ sì lòdì. Ta ni kó gba òdo nínú àwọn méjèèjì? Mo ti rí i tí àwọn àgbà olùkọ́ fi wákàtí kan jiyàn lórí irú èyí, tí ẹnikẹ́ni kò sì jáwé olúborí títí a fi kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ìdánwò àṣekágbá, a kì í kàn pín ìwé fún olùmáàkì kí kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. A máa ń jókòó ṣe ìpàdé ìṣọ̀kan ìmáàkì ná. Gbogbo wa yóò máàkì ẹ̀dà ìwé kan náà, a ó pe máàkì síta, ẹni tí tirẹ̀ bá yọ gedegbe yóò sọ ìdí, a ó sì fi ohun tí a fẹnu kò lé lórí kún ìlànà náà. Lẹ́yìn ìyẹn, olórí ẹgbẹ́ yóò tún máa mú díẹ̀ lára ìwé tí olùmáàkì kọ̀ọ̀kan ti ṣe, yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti ń yà kúrò lójú ọ̀nà, nítorí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ìlànà mu ní ìwé kẹwàá lè ti rẹ̀ nígbà tó bá dé ìwé ọgọ́rin. Ẹ yan ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó dúró fún ìpele kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ìdí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi gba máàkì tó gbà, kí ẹ̀yin méjèèjì máa padà wò ó bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ó sì dára kí ẹ máàkì kókó-ọ̀rọ̀ gbogbo ìwé tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ètò, torí bí ìfáàrà ọmọ bá dùn tàbí tí ìwé rẹ̀ rẹwà, ojú rere yẹn máa ń tẹ̀ lé e dé àkọtọ́ láìjẹ́ pé olùmáàkì mọ̀.

Ohun kan tún wà tí mo kórìíra, kí ẹ má bínú: kí olùkọ́ méjì fún ọmọ ní 8 àti 16, kí wọ́n wá kọ 12 sílẹ̀ kí àlàáfíà lè jọba. Ọmọ kankan kò gba 12 lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí àlàfo bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e fún ẹnìkẹta tí kò mọ máàkì yín.

Nọ́ọ̀sìÌdó (Ìdó-Èkìtì)

Ẹ kú àlàyé o, Bàbá. N kì í ṣe olùkọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ń sọ yìí ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tiwa náà. Bí aláìsàn bá fara pa lórí, a máa ń fi Glasgow Coma Scale tí Graham Teasdale àti Bryan Jennett gbé jáde ní 1974 wo bí ó ṣe mọ ara rẹ̀ tó. Ojú lílà gba 4 ní òkè, ọ̀rọ̀ sísọ gba 5, gbígbé ara gba 6. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 15, èyí tó kéré jù sì jẹ́ 3.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì alẹ́ bá ń fa iṣẹ́ lé nọ́ọ̀sì òwúrọ̀ lọ́wọ́, àwọn méjèèjì lè kọ 10 sílẹ̀ kí gbogbo ènìyàn sì rò pé wọ́n fẹnu kò. Ẹ wá tú u wò: ọ̀kan kọ 3 fún ojú, 2 fún ọ̀rọ̀, 5 fún ara, èkejì kọ 2 fún ojú, 3 fún ọ̀rọ̀, 5 fún ara. Àpapọ̀ dọ́gba, ohun tí wọ́n sọ nípa aláìsàn kò dọ́gba. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́ wa pé kí a kọ ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, kí a má fi àpapọ̀ nìkan ránṣẹ́. Olùkọ́, àwọn ọmọ tí ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín jọ fún ní 12, ẹ tú tiwọn náà wò. Ó lè jẹ́ pé kì í ṣe 12 kan náà ni.

Olùkọ́Èdè (Ìkéré-Èkìtì)

Ẹ ṣeun púpọ̀, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó rẹ̀ yín. Mo ti ṣe ìyọkúrò tí wọ́n ní kí n ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi fi díẹ̀ lé ní máàkì méjì ṣíwájú mi ní ìpíndọ́gba. Nígbà tí mo tú u sí ẹ̀ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a súnmọ́ ara wa gan-an lórí kókó-ọ̀rọ̀ àti ètò, ìyàtọ̀ díẹ̀ wà lórí ìlò èdè, ibi tí a ti yapa pátápátá sì ni àkọtọ́, bí Bàbá ṣe wí. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, wọ́n ní àwọn kì í yọ máàkì fún “ulé” nítorí ọmọ Èkìtì ni àwọn náà! Mo rẹ́rìn-ín títí.

Ó ku ìbéèrè kan. Yàtọ̀ sí máàkì, a tún dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “bẹ́ẹ̀ kọ́” sí àwọn ìbéèrè kan lórí ìwé kọ̀ọ̀kan. Lórí “ṣé àròkọ náà ní ìfáàrà?”, a jọ sọ bẹ́ẹ̀ ni lórí ìwé 90, a jọ sọ bẹ́ẹ̀ kọ́ lórí 2, a sì yapa lórí 8, mẹ́rin sí apá kọ̀ọ̀kan. Ìfẹnukò 92 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Mo ṣírò kappa, ó fún mi ní 0.29. Lórí “ṣé akẹ́kọ̀ọ́ náà ń lo àmì ohùn?”, a jọ sọ bẹ́ẹ̀ ni lórí 40, bẹ́ẹ̀ kọ́ lórí 30, ẹ̀gbọ́n mi nìkan sọ bẹ́ẹ̀ ni lórí 20, èmi nìkan lórí 10. Ìfẹnukò 70 péré, síbẹ̀ kappa jẹ́ 0.40. Báwo ni ibi tí a ti fẹnu kò jù ṣe wá ní kappa tó kéré jù? Ṣé ìṣirò mi ló lòdì ni?

OníṣiròỌ̀yẹ́ (Ọ̀yẹ́-Èkìtì)

Ìṣirò yín tọ̀nà, mo tún un ṣe. Ohun tí Jacob Cohen fẹ́ ṣe nígbà tó gbé kappa jáde ní 1960 ni láti yọ ìfẹnukò tó lè ṣèèṣì wáyé kúrò. Ẹ mú ti àmì ohùn. Ẹ̀gbọ́n yín sọ bẹ́ẹ̀ ni lórí 60 nínú 100, ẹ̀yin sọ ọ́ lórí 50. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá ń dáhùn láìwo ìwé rárá, tí ẹ sì ń sọ bẹ́ẹ̀ ni ní ìwọ̀n yẹn, ẹ ó ṣì bá ara yín mu lórí 30 ní apá bẹ́ẹ̀ ni àti 20 ní apá bẹ́ẹ̀ kọ́, ìyẹn 50. Ẹ fi 20 lé 50 yìí, nígbà tí àyè tó wà láti fi lé e jẹ́ 50. 20 nínú 50 ni 0.40.

Ní ti ìfáàrà, kálukú yín sọ bẹ́ẹ̀ ni lórí 94. Ẹni tó bá di ojú, tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ni ní ìwọ̀n yẹn, yóò bá èkejì rẹ̀ mu lórí ìwé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 89. Ìfẹnukò 92 kò wá fi ju mẹ́ta lọ lé ohun tí èèṣì lè fún yín, ó sì kéré lójú kappa. Alvan Feinstein àti Domenic Cicchetti kọ̀wé lórí ọ̀ràn yìí gan-an ní 1990, wọ́n sì dábàá pé kí a pín ìfẹnukò sí apá méjì. Ẹ ṣe é báyìí: ní apá bẹ́ẹ̀ ni, ìlọ́po méjì 90 tí a pín pẹ̀lú àpapọ̀ 94 àti 94 jẹ́ 0.96. Ní apá bẹ́ẹ̀ kọ́, ìlọ́po méjì 2 tí a pín pẹ̀lú àpapọ̀ 6 àti 6 jẹ́ 0.33. Ẹ mọ ìfáàrà nígbà tó bá wà. Ìgbà tí kò bá sí ni ẹ kò fẹnu kò. Nínú ìwé mẹ́wàá tí ọ̀kan nínú yín sọ pé kò ní ìfáàrà, méjì péré ni ẹ jọ rí bẹ́ẹ̀. N kò gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé kappa ń parọ́ níbi báyìí. Ó ń sọ pé ìwé tí kò ní ìfáàrà kò pọ̀ tó nínú àwọn tí ẹ kó jọ láti fi dán yín wò. Ẹ gbé gbogbo òǹkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú iṣẹ́ yín, kí òǹkàwé fojú ara rẹ̀ rí i.

Ẹnì kan yóò sọ fún yín pé 0.40 “kò burú” àti pé láti 0.61 lọ sókè “dára gan-an”. Ọ̀dọ̀ Richard Landis àti Gary Koch ni ìpín yẹn ti wá, ní 1977, àwọn fúnra wọn sì sọ ọ́ nígbà náà pé ìpín tí àwọn kàn là sílẹ̀ ni, kò ní ìdí kan pàtó. Ẹ lè tọ́ka sí i, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe àṣẹ. Ó tún yẹ kí ẹ mọ̀ pé kappa 1960 wà fún olùmáàkì méjì àti ìpín tí kò ní òkè tàbí ìsàlẹ̀. Bí ìpín yín bá tò tẹ̀ léra, bíi “kò dára, ó dára díẹ̀, ó dára gan-an”, Cohen ṣe irú èyí tó ń wọn bí ìyapa ṣe tóbi tó ní 1968. Bí olùmáàkì bá sì ju méjì lọ, ti Fleiss wà láti 1971. Máàkì 20 yín kò nílò èyíkéyìí nínú wọn.

Lórí SPSS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìṣirò, ẹ lọ sí Analyze, Scale, Reliability Analysis, kí ẹ kó máàkì ẹ̀yin méjèèjì síbẹ̀, kí ẹ ṣí Statistics, kí ẹ mú Intraclass correlation coefficient. Ní Model, ẹ mú Two-Way Random. Ní Type, ẹ mú Absolute Agreement, nítorí Consistency ló máa ń wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sì ní kìlọ̀ fún yín. Ìlà méjì ni yóò jáde. Bí ó bá jẹ́ pé olùkọ́ kan ṣoṣo ni yóò máa fi ìdánwò yìí máàkì lọ́jọ́ iwájú, Single Measures ni tiyín. Average Measures wà fún ẹni tí yóò máa lo ìpíndọ́gba olùkọ́ méjì nígbà gbogbo, ó sì máa ń ga ju èkíní lọ: nínú ìṣirò Spearman àti Brown, olùkọ́ kan tó jẹ́ 0.60 yóò di 0.75 bí ẹnìkejì tó rí bíi tirẹ̀ bá dara pọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ń mú èyí tó ga láìwo ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbà lò ó. Ẹ kọ ààlà 95% tó wà níwájú rẹ̀, tó ń fi hàn bí òǹkà náà ṣe dájú tó, sílẹ̀ pẹ̀lú.

BàbáOlùmáàkì (Adó-Èkìtì)

Mo gbọ́ ti “ulé” yẹn, ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ìfẹ́ ẹ̀ka-èdè wa kò kúrò lọ́kàn mi náà, ṣùgbọ́n ìlànà ni kó sọ ọ́, kì í ṣe ọwọ́ olùmáàkì.

Kí ẹ tó lọ tẹ SPSS, ẹ̀yin méjèèjì ẹ jókòó ná, ẹ tún àwọn òfin àkọtọ́ àti àmì ohùn kọ. Lẹ́yìn náà, ìwé tuntun ni kí ẹ máàkì, lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tí kò sí nínú ọgọ́rùn-ún ti àkọ́kọ́. Bí ẹ bá lo ìwé tí ẹ ti jọ jiyàn lé lórí, ẹ ti mọ ohun tí ẹnìkejì yóò kọ, òǹkà tó bá sì jáde níbẹ̀, ìrántí yín ló wọ̀n.